Ọwọ́ Ìwo Àgbò

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọwọ́ gbọọrọ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ológeere, kó fi èyí tó ká bí ìwo àgbò rọ́pò rẹ̀, irú tàwọn tó ń sáré Tour de France, kó kọ́kọ́ wá rúlà. Èmi ò wá a. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Agége ni mò ń gbé, òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ọwọ́ tuntun á jẹ́ kí n ba mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má dá mi dúró. Afẹ́fẹ́ wo, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọba Akran? Kí n tó mú sípánà rárá, mo ti ta ọwọ́ àtijọ́ fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù, 500 náírà.

Ọwọ́ bíréèkì mi ò wọ ìwo àgbò. Níbi tí a ń dì mú, ọwọ́ gbọọrọ jẹ́ mìlímítà 22.2, ìwo àgbò jẹ́ 23.8. Mo ní irin ò lè lórí kunkun jù mí lọ, mo gbé òòlù. Òrùka bíréèkì là sí méjì.

Mo ra ọwọ́ bíréèkì ti kẹ̀kẹ́ eré ìje. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú! Àṣé díẹ̀ báyìí nirú rẹ̀ ń fa wáyà, V-brake tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi sì ń fẹ́ kí wáyà fà gan-an kó tó di ríìmù mú. Tírélà kan yọ lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ kan. Mo fún bíréèkì dópin, kẹ̀kẹ́ ò dá mi lóhùn. Bàtà ni mo fi dúró, lẹ́bàá àtẹ oníbúrẹ́dì.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ rà ni, àbí èmi?”

Mo ra búrẹ́dì.

Ẹ̀yìn náà ń ro mí, torí férémù kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ gbọọrọ sábà máa ń gùn, ìwo àgbò sì tún yọ síwájú. Mo wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ bá bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Agége. Wọ́n wò ó yí ká. Wọn ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù.

“Ọmọ mi, ta ló ṣe èyí fún ọ?”

Mo ní mẹkáníìkì kan ni, ní Ìkẹjà.

“Ọlọ́run á mú un.”

Mo ní àmín.

Wọ́n ní ọwọ́ gbọọrọ ni kí n padà sí, wọ́n sì já ọ̀kan bọ́ lára ìṣó. Ọ̀dà pupa tí ọmọ mi fi kùn ún ṣì wà lára rẹ̀.

“Èyí dáa. Ẹni tó ni ín ò mọyì ẹ̀. 8,000 náírà.”

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gba 7,000.