Àkísà Tuntun

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àwọn tó pa òwe yìí kò ro ayé òde òní mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé a kì í ra àkísà lọ́jà. Ọjọ́ orí ló ń sọ aṣọ di àkísà, pẹ̀lú òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti iṣẹ́ àṣekára. Ẹni tó ní àkísà ti ní aṣọ rí, ó ti lò ó, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ títí ibi lílẹ̀ fi tán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2012, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan ní Amẹ́ríkà, Norfolk Southern, já òwe yìí ní koro. Wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún náà, nítorí 1982 ni wọ́n da ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀ tó di ẹyọ kan. Láti fi ṣọdún, wọ́n mú ogún ẹ́ńjìnnì tuntun, mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ General Electric, mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ EMD, wọ́n sì kùn wọ́n ní ọ̀dà ogún ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí ogún wọn ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní Oṣù Keje wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí ilé àkójọ ohun ìrìnnà àtijọ́ ní Spencer, North Carolina, àwọn olólùfẹ́ rélùwéè sì ya bò wọ́n tàwọn ti kámẹ́rà. Ọmọ tuntun ti wọ àkísà bàbá, àkísà náà kò sì ní ihò kankan.

Èèyàn Ayétòrò, ìlú wa, lè béèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ojú irin kò wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó rárá, ká má tíì sọ ti etíkun Ìlàjẹ níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lẹsẹ̀ wa. Ó kàn wá nítorí pé ọ̀rọ̀ ogún ni. Ẹni tí òkun ti kó ogún rẹ̀ lọ lójú ara rẹ̀ lè sọ fún ayé ohun tí ọ̀dà lè dá dúró àti ohun tí kò lè dá dúró.

Àwọn olólùfẹ́ rélùwéè fúnra wọn kò fẹnu kò. Àwọn kan ń yọ̀. Wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ẹ́ńjìnnì ẹyọ kan láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n ń jí lóru kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó bá ń gba orí afárá kọjá láàárọ̀. Àwọn mìíràn ń ráhùn. Wọ́n ní imú ẹ́ńjìnnì ayé ọjọ́un rí roboto, tó fi jẹ́ pé ìlà wúrà márùn-ún Pennsylvania Railroad ń ṣàn yí i ká láìdúró, àmọ́ imú ti òde òní ga, ó sì nígun, ìlà náà kò sì rọ́nà gbà mọ́. Wọ́n ní pupa yìí kì í ṣe pupa yẹn. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jẹ́ dúdú kì í ṣe ìrántí, ìpolówó ọjà ni. Àwọn kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé tiwọn ló jinlẹ̀ jù: inú ń bí wọn tí ẹ́ńjìnnì náà bá dọ̀tí. Ẹrù ló ń fà, èéfín ló ń tú, òjò ń pa á, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kó máa dán. Àkísà tí ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ kàn ni wọ́n ń béèrè.

Union Pacific ti ṣe irú eléyìí ṣáájú. Láàárín 2005 sí 2006 wọ́n kun ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ní àwọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ti gbé mì: Missouri Pacific, Western Pacific, Missouri-Kansas-Texas, Rio Grande, Chicago and North Western àti Southern Pacific. Nọ́ńbà ara wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín: 1982, 1983, 1988, 1989, 1995, 1996. Ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́fun Union Pacific ni, tàbí ọdún tó sún mọ́ ọn. A ti rí ẹni tó wọ agbádá olóògbé lọ sóde rí. Ẹni tó tún fi òwú aláràbarà kọ ọjọ́ ikú olóògbé sí àyà agbádá ọ̀hún, ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Norfolk Southern kò fi ọdún ikú ṣe nọ́ńbà ní tiwọn, àmọ́ wọ́n ní Penn Central láàárín ogún wọn. Oṣù Kejì 1968 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà tí Pennsylvania àti New York Central, ọ̀tá àtọdúnmọ́dún, so pọ̀. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹfà 1970, gbèsè ti gbé e ṣubú, Amẹ́ríkà kò sì tíì rí ilé-iṣẹ́ tó wọ gbèsè tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn. Dúdú ni àwọ̀ rẹ̀. Dúdú náà sì ni àwọ̀ Norfolk Southern fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà P àti C tó wé mọ́ra ni olórí ìyàtọ̀ láàárín ìrántí àti ẹ́ńjìnnì ojoojúmọ́. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń sáré lé e. Lójú tèmi, òun ló ṣòótọ́ jù nínú ogún yẹn, nítorí pé ó gbà pé ìkùnà náà wà lára ogún.

Ẹni tó fẹ́ dá mi lóhùn yóò ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, pé ó sàn kí ilé-iṣẹ́ ńlá rántí àwọn tó ṣáájú ju kó pa orúkọ wọn rẹ́ kúrò nínú ìtàn. Òótọ́ ni. Ọmọdé tó rí ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ àrà kan lè béèrè ohun tí Wabash, ọ̀kan nínú ogún ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà, jẹ́, ẹni tó bá sì béèrè lè rí ẹni dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ni orísun rélùwéè? Kì í ṣe ọ̀dà. Orísun rẹ̀ ni àwọn tó mọ irin lò, àwọn tó ń fetí kọ́ igbe kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lóru. Ní 2022, alága àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rélùwéè ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín ọdún mẹ́fà, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ńlá orílẹ̀-èdè náà ti dín òṣìṣẹ́ wọn kù ní ìdá 29 nínú 100. Àwọ̀ àwọn bàbá ń tàn lára ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ tó jogún iṣẹ́ àwọn bàbá náà sì ń gba ìwé ẹ-máa-lọ-sílé. Ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kejì 2023, ọkọ̀ ẹrù Norfolk Southern yẹ̀ lójú irin ní East Palestine, ní Ìpínlẹ̀ Ohio. Wágọ́nù 38 ló kúrò lójú irin, kẹ́míkà oró jó lọ sójú ọ̀run, wọ́n sì kó ará ìlú sá. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé bíárìn kẹ̀kẹ́ kan ló gbóná títí tó fi já.

Mo gbọ́ ẹni tó ń pariwo pé ìyẹn kò tọ́, pé ọ̀dà kọ́ ló ba bíárìn jẹ́, pé owó ọ̀dà ogún ẹ́ńjìnnì kò lè tó nǹkan nínú àpò ilé-iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù dọ́là. Mo gbà. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Nítorí pé ọ̀dà kò wọ́n ni a fi ń kánjú sí i. Tí ìrántí bá lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú yàrá ìkunǹkan, ta ni yóò yan èyí tó ń gba ọdún mẹ́fà? Èyí tó gba ọdún mẹ́fà sì wà. Union Pacific kan náà tó ń kọ ọjọ́ ikú sí àyà agbádá ló lọ gba Big Boy 4014 padà ní 2013. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní 1941 ni, ó sì ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Pomona, California. Wọ́n gbé e lọ sí Cheyenne, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́po dípò eléèédú, ó sì fi agbára ara rẹ̀ rìn padà sójú ọ̀nà ní Oṣù Karùn-ún 2019. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn bóyá dúdú ara rẹ̀ bá dúdú àtijọ́ mu. Ẹni tó lákìísà gidi kì í ṣàlàyé aṣọ.

Kí a má wulẹ̀ máa fi òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ní Nàìjíríà a ti rí ọ̀nà tó tún dínwó ju ọ̀dà lọ: orúkọ. Ojú irin wa bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1988 gbèsè gbé àjọ rélùwéè ṣubú, ọkọ̀ kò sì rìn fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní Oṣù Kẹfà 2021, ìjọba fi orúkọ àwọn àgbà wọ àwọn ibùdókọ̀ tuntun náà láṣọ: Mobolaji Johnson ní Alágómejì, Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta, Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Ní Agbádó wọ́n fi ti Lateef Jakande síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Jakande ni gómìnà tó dáwọ́ lé rélùwéè inú ìlú fún Èkó ní ìgbà ìjọba alágbádá kejì. Ní 1985 ìjọba ológun Buhari fagi lé e, àwọn ará Èkó sì pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là sórí ọkọ̀ tí wọn kò wọ̀ rí. Ní 2020, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi orúkọ Jakande sọ ibùdókọ̀. Ó ṣẹ́ ọkọ̀ bàbá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá fi pátákó orúkọ bàbá ṣe gbà-máà-bínú. Union Pacific kàn gbé àwọn ará ilé mì ni. Wọn kò tó wa ṣe níbi ká bu ọlá fún ẹni tí a ṣẹ̀.

Ẹnì kan yóò ní ó kúkú dára kí orúkọ náà wà ju kó má sí lọ. Bóyá. Àmọ́ ibi tí ìrántí rélùwéè wa gidi wà ni Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe tí wọ́n sì kó irinṣẹ́ àti fọ́tò ayé àtijọ́ sí. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń sáré ìyẹn, ìsopọ̀ orúkọ mọ́ pátákó sì ni ìjọba ń sáré. Èkó tún ra ọkọ̀ Talgo méjì ní 2022 fún ojú irin inú ìlú tí wọ́n ń pè ní Red Line. Ìlú Milwaukee ni wọ́n ti kọ́ wọn fún Ìpínlẹ̀ Wisconsin, gómìnà ibẹ̀ fagi lé ètò náà, wọn kò sì gbé èrò kan rí níbẹ̀. Wọ́n ń pè wọ́n ní àlòkù, ṣùgbọ́n ta ló lò wọ́n? Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé aṣọ tí gómìnà kan kọ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló wá bo ìhòhò ibi tí olórí ìjọba kan ti fa ti Jakande ya.

Ní Ayétòrò, àkísà gidi wà rí. Àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó ní 1947, wọ́n pa owó pọ̀ sínú àpò kan, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń lo àtùpà. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìyẹn. Ní 2004 àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun jáde, wọ́n tún gbé e jáde fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà náà, omi sì ń wọlé lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí olóṣèlú kan bá fẹ́ fi ọkọ̀ fíbà tuntun kan ṣe ìrántí, tó kùn ún ní àwọ̀ ọkọ̀ ayé àwọn baba wa, tó sì kọ 1947 sí imú rẹ̀, n kò ní bá a jà lórí àwọ̀ náà. Ìbéèrè kan ni kó dáhùn kí wọ́n tó ya fọ́tò: èbúté wo ni yóò fi gúnlẹ̀?