Bébà Sìmẹ́ńtì Kì í Ráhùn

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Manigri, ìlú Nàgó tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Bassila ní Benin, kì í déédéé fọwọ́ kan áńkárá oníbàárà. Bébà àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń fún un. Á gé e, á rán an, ọrùn á wọ́, apá kan á gùn ju èkejì lọ, bébà náà ò sì ní bi í pé ìgbà wo ni aṣọ òun máa jáde.

Lẹ́yìn èyí ló kan aṣọ ìrọ̀rí àti yẹ̀rì onírọ́bà. Yẹ̀rì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: ta ni yóò ká a sókè láàárín ọjà kó lè wo ojú abẹ́rẹ́? Kakí ọmọ iléèwé ni wàhálà. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní, “Ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀, ọmọ ń dàgbà.” Báyìí ni àṣìṣe ṣe di ètò ìdílé.

Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun fìlà Iléyá rọ́wọ́ mú ju àwọn aránṣọ lọ. Fìlà tó kéré jù di ti ọmọ ọwọ́; èyí tó tóbi jù di àpò fóònù. Bó bá bàjẹ́ pátápátá, wọ́n á fa òwú kan, gbogbo rẹ̀ á tú, ẹ̀rí ò sí mọ́. Léèsì tí sísọ́ọ̀sì ti gé ò mọ irú àánú bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ní ìdánwò CQM, ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, fún ọmọ iṣẹ́. A ò tíì gbọ́ èyí tó wà fún ọ̀gá tó ń sọ pé, “Ẹ wá lọ́la.”