Àgbò Tí Wọn Ò Pa n'Íléyá

Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Fèrèsé mi ló kọjú sí àtíbàbà tí Àlàájì ń so ẹran wọn mọ́. Ẹni tó kọ́ ilé ni kí ẹ lọ bá wí. Gbogbo kọ́ḿpáǹdì wa ní Gbàgádà ló mọ̀ pé látìgbà tí Àlàájì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, ọ̀rọ̀ àgùntàn nìkan ló kù tó ń dùn lẹ́nu wọn.

Wọ́n ní àgbò Balami kan báyìí, irú èyí tó ń wá láti ìhà Borno: funfun báláú, etí gígùn, ó ga dé ìbàdí mi. Nígbà tí Iléyá tó kọjá ku ọ̀la, ọkùnrin kan tẹ́ owó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Àlàájì ní àwọn ò tà. Alhaja yọjú láti kíṣìnnì: "Olówó orí mi, ṣé ara yín yá ṣá?" Àlàájì ní ara àwọn le koko, àwọn ò ṣáà tà.

Kí ni wọ́n wá fi ṣọdún? Àgbò kan tó rí pẹ́ńpẹ́! Ó ti lé lóṣù mẹ́fà, kò fọ́jú, kò tiro, ẹ̀sìn gbà á. Àmọ́ ẹ bi mí léèrè ohun tó wà nínú abọ́ tí wọ́n gbé wá fún mi. Fùkù. Fùkù àti omi ọbẹ̀.

Mo kúkú lọ dúpẹ́. Mo ní, "Àlàájì, ẹ forí jì mí, ẹ wá dá ọ̀gá àgbò sí, ẹ pa aláìsàn?"

"Kò ṣàìsàn, Ìyá Ìbejì. Kò kàn yẹ lẹ́ni tó ń bímọ ni. Ohun tó ba ẹran wa jẹ́ nìyẹn: ọdọọdún là ń ṣa èyí tó tètè dàgbà fún ọ̀bẹ. Èyí tí kò sẹ́ni tó rà ló ń ṣẹ́kù sílé tó ń gun abo. A ó wá máa ṣépè fáwọn ọmọ pé wọn ò tóbi."

Ẹnu mi wọhò. Àwọn abo wà lóko ní Ìkòròdú. Olè ni kò jẹ́ kí ọ̀gá bá wọn gbé. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń jẹ, lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Máìlì 12 ló ti ń wá, lọ́fẹ̀ẹ́ (ẹ tún rántí fùkù yẹn). Èèpo ẹ̀gẹ́ náà ń lọ, àmọ́ wọ́n á sá a kó gbẹ dáadáa, torí tútù rẹ̀ ń pa ẹran.

Àlàájì ní ìwé ńlá kan bíi ti báǹkì. Tọ́mọ àgùntàn bá pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á kó o sínú àpò ìrẹsì, wọ́n á fi kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọjú wò ó. "Nọ́ńbà 14: ó bí ìbejì, wàrà rẹ̀ pọ̀. Má tà." Nísàlẹ̀: "Nọ́ńbà 9: ó bí ẹyọ kan, ó kọ̀ ọ́. Tà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ tèmi ò ṣiṣẹ́ báǹkì.

Ẹ má sì rò pé títóbi nìkan ni. Balami ò fẹ́ràn ọ̀rinrin ìhà wa. Àgùntàn kúkúrú ilé wa ló lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn wọ́n, ó sì máa ń bí ìbejì. Síbẹ̀, bí ọ̀gá bá gun kúkúrú, ìrọbí lè pa ìyá. Àwọn Yankasa, àwọn tí ojú wọn dúdú yẹn, ni ọ̀gá ń gùn. Àwọn kúkúrú ní ọkọ tiwọn. Gbogbo wọn ló ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àìsàn kátà, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Vom lẹ́bàá Jos.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Lándílọ́ọ̀dù wa, ọmọ kékeré tó jogún ilé, ní abo Yankasa mẹ́ta. Ó wá yá ọ̀gá. Àlàájì ní kò sí yíyá, háyà ni. Lándílọ́ọ̀dù fò sókè: ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń háyà àgbò? Àlàájì ní òyìnbó kan, Robert Bakewell ti Leicestershire, tó kú ní 1795, ohun tó fi pa owó nìyẹn: kì í ta àgbò, ó ń fi wọ́n háyà fún sáà kan ni. Àmọ́ wọ́n ní Bakewell ń jẹ́ kí bàbá gun ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà pọ̀. Alhaja ní "astaghfirullah!" Àlàájì yára fi kún un pé kí ọmọ ọ̀gá tó balágà, àwọn á ti gbé ọ̀gá lọ fún ẹlòmíì, àwọn á gba àgbò tiẹ̀.

Wọ́n kọ̀wé: bí àwọn mẹ́ta yẹn bá bímọ, abo àkọ́kọ́ di ti Àlàájì. Oṣù márùn-ún pé, ọ̀kan bí akọ àti abo lóru kan náà. Lándílọ́ọ̀dù ní akọ ló kọ́kọ́ jáde, pé àdéhùn ti bàjẹ́. Àlàájì ní inú ìwé ni kó ti ka "abo àkọ́kọ́", kì í ṣe "ọmọ àkọ́kọ́". Lándílọ́ọ̀dù ti ń dárúkọ owó ilé báyìí. Ìpàdé di Sátidé. Mo ti ra ẹ̀pà sílẹ̀.