Ẹnu Ti Fò Kí Ẹsẹ̀ Tó Mọ̀

Ẹ jẹ́ kí á pè é ní Akọ̀wé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé "èmi". Ẹ bá a fi orúkọ yẹn bo àṣírí.

Akọ̀wé kì í ṣe onígboyà. Ní òṣòòrò omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó ní ìpele méje, ìpele kejì ló ti jókòó, tó ní òun ń bá àwọn èèyàn ṣọ́ bàtà. Òun kan náà ló lọ lo ìsinmi ní Livingstone, lórílẹ̀-èdè Zambia, tó gbé ife bíà sókè nídìí oúnjẹ alẹ́, tó ní òun máa fò láti orí afárá lọ́la. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀. "Dádì Tọ́lá, ṣé ẹ̀yin yìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí i nínú. Kó tó sùn, ó ti gbé e sórí Facebook.

Afárá tí à ń wí kì í ṣe afárá kékeré. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, wọ́n sì ṣí i ní 1905. George Darwin ló wá ṣí i, ọmọ Charles Darwin tó ní èèyàn àti ọ̀bọ jọ ní baba ńlá kan náà. (Akọ̀wé kò tíì rí ọ̀bọ tó mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀ka igi.) Zambia wà lápá kan, Zimbabwe wà lápá kejì, odò Zambezi wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 128. Ẹni tó bá fò á já lọ sísàlẹ̀ tó mítà 111 kí okùn rọ́bà tó fà á padà.

Oorun kò kun Akọ̀wé lóru ọjọ́ náà, ló bá gbé fóònù, ó ń kàwé nípa okùn. Àṣìṣe gbáà. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011, lórí afárá yìí kan náà, okùn já mọ́ ọ̀dọ́bìnrin ará Australia kan lẹ́sẹ̀. Odò ló já sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì ní dídè, ó sì lúwẹ̀ẹ́ títí ó fi gúnlẹ̀ sápá Zimbabwe. Kò kú. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá ibi tí wọ́n ti máa sọ pé irọ́ ni.

Ó tún ka ibi tí eré náà ti ṣẹ̀: erékùṣù Pentecost ní Vanuatu. Bí àsìkò ìkórè iṣu bá dé, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ á fi igi kọ́ ilé gogoro, wọ́n á so ìtàkùn mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi orí sọlẹ̀ kí iṣu lè ta. Iṣu! Iyán ni tiwa. Ìtàn wọn ni pé obìnrin kan sá fún ọkọ rẹ̀, Tamalie, ó gun igi, ọkọ gùn tẹ̀lé e. Obìnrin náà so ìtàkùn mọ́ ẹsẹ̀ kó tó fò. Tamalie kò so nǹkan kan, ó ṣáà fò tẹ̀ lé ìyàwó, ó sì kú.

Ní òwúrọ̀, wọ́n gbé Akọ̀wé sórí ìwọ̀n. Kílò 85 ló máa ń pe ara rẹ̀ nílé. Wọ́n fi kálámù pupa kọ 98 sí i lápá, gàdàgbà, kí gbogbo ayé lè kà á. Wọ́n ní kó kó gbogbo ohun tó wà lápò sílẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ìyá Tọ́lá, tó ní òun kàn wá mú báàgì ni, bá tú gèlè, ó kó báàgì fún ọkọ. "Èmi náà ti sanwó." Ó fò bí ẹni bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó. Akọ̀wé rántí Tamalie.

Nígbà tó kàn án, wọ́n fi táwẹ̀lì àti bẹ́líìtì di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ sétí afárá bí ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ka márùn-ún dé oókan, ó di irin mú. Wọ́n tún un kà. Ó bi ọmọkùnrin tó dì í lẹ́sẹ̀ pé ṣé okùn yìí tuntun ni, ó bi í pé ṣé wọ́n máa ń dá owó padà. Sáàmù 121 tó mọ̀ láti kékeré kò wá sí i lẹ́nu. Ti òkè ni ìyẹn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Lójijì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Naija! Naija!" Ìtìjú ló tì í.

Wọ́n ní kó fi orí síwájú, ẹsẹ̀ ló fi síwájú. Ó di ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀, odò tó sanwó ọkọ̀ òfuurufú tìtorí rẹ̀ wá, kò rí i. Kọ́kọ́rọ́ hòtẹ́ẹ̀lì já bọ́ lápò tó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó bá Zambezi lọ, ó sì san owó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó wá fà á gòkè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn débi pé ọkùnrin náà ní kó jẹ́ kí òun mí.

Ó ti sanwó fídíò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún un. Fífò inú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ ló kún ìyókù. Tọ́lá ti há a sórí. Bí wọ́n bá ní kó gun àga mú abọ́ lókè kọ́bọ́ọ̀dù, á di ara àga mú, á yíjú sí bàbá rẹ̀: "Dádì, ṣé àga yìí tuntun ni?"