Àgùnfọn Ọkọ Màmá

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ jọ̀ọ́, kí n má baà máa pariwo. Iṣẹ́ òru ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ilé wa ti bọ̀, wọ́n ń sùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ wọn sì ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ wọn nìkan náà o, ọ̀rọ̀ Màmá ni. Ẹ ṣáà mọ Màmá wa, Alájà tó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà kí orúnkún tó ní kí wọ́n jókòó sílé? Ta ni ò mọ̀ wọ́n ní gbogbo Pàkátà Ìlọrin yìí? Ọkọ wọn, Ọlọ́hun kẹ́ bàbá, àgbò ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ra àgbò lọ́wọ́ bàbá ló mọ̀ pé inú yàrá ni owó ti ń jáde. Ẹ óò dúnàádúrà títí, bàbá á ní, "Ẹ jẹ́ n lọ mu omi." Wọ́n á wọlé, wọ́n á jáde, iye àgbò á ti lé sí i. Omi wo ló ń gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni Màmá ń pè ní "ọkọ mi", àwa náà sì sọ ọ́ di Ọkọ Màmá. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń kéwú, ó mọ èèyàn kí. Àlébù ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí wọ́n bá ní kó kó èèpo iṣu fún ewúrẹ́ lówùúrọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dìde. Ewúrẹ́ yẹn náà, ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni dúdú tó jẹ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò Iléyá Alájì oníkẹ̀kẹ́ lórí okùn. Alájì ní òun ò lè bá ewúrẹ́ ṣẹjọ́, Màmá lòun máa bá ṣe é. Màmá ní ta ló ń sá ṣòkòtò Iléyá síbi tí ẹnu ẹran tó? Ẹjọ́ ọ̀hún ò tíì parí títí di òní.

Ṣé ẹ wá rí ọmọ tí kò lè fún ewúrẹ́ lómi yìí, òun ló ń jí kí ládàánì tó pe Àsùbáà, kó lè lọ fún àgùnfọn lóúnjẹ.

Àgùnfọn kẹ̀? Ní Pàkátà? Bí èmi náà ṣe ké nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti fẹ́ lọ yọjú sẹ́yìnkùlé. Àfi bí wọ́n ṣe ní inú fóònù ni, fóònù àtijọ́ ìyá ẹ̀ tí gíláàsì ẹ̀ ti sán.

Tíṣà Báólójì tó háyà yàrá etí ọ̀nà ló là á yé wa. Ẹ mọ Tíṣà: bí ẹ bá bi wọ́n pé aago mélòó ló lù, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ẹni tó ṣe aago. Wọ́n ní ibì kan wà tó ń jẹ́ Roblox, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe oríṣiríṣi géèmù, ọ̀kan nínú wọn sì ni Adopt Me! Wọ́n ní àwọn méjì tí wọ́n ń jẹ́ NewFissy àti Bethink (orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn, ẹ má wò mí) ló gbé e jáde ní 2017. Nígbà náà, eré bàbá àti ìyá ni: ẹlòmíì á di òbí, ẹlòmíì á di ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbà tọ́. Ó di 2019 kí wọ́n tó kó ẹran wọ inú ẹ̀. Ẹran wọlé tán, ta ló tún rántí ọmọ? Kálukú sọ ọmọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n gbá tẹ̀ lé ẹran. Ní 2020 tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ìgbà kan wà tí àwọn tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Ẹran ibẹ̀ ò rọrùn-ún sìn o. Ebi á pa á, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, oorun á kùn ún, ara ẹ̀ á dọ̀tí, wọ́n á wẹ̀ ẹ́. Bó bá sú u, wọ́n á gbé e lọ ṣeré. Ó tún ń lọ síléèwé! Nígbà tí Ọkọ Màmá sọ ìyẹn, Màmá gbé ìgò ojú wọn sọ̀ kalẹ̀. "Ẹran ń lọ síléèwé, ìwọ ò fẹ́ lọ?" Bí ara ẹ̀ ò bá yá ńkọ́? Ọsibítù ni. Ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dúró sí lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wò ó bí ọmọ wọn ṣe gbé ẹran wọlé ọsibítù, tí dókítà sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Kò gba káàdì? Kò sẹ́ni tó ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ wá?" Ọmọ ní rárá. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe ń wáṣẹ́ síbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ Màmá nínú ni pé gbogbo ìtọ́jú yẹn ń mówó wọlé. Bó o bá bọ́ ẹran, wọ́n á fún ẹ lówó géèmù. Owó yẹn lo máa fi ra ẹyin, inú ẹyin sì lẹran ti ń jáde. Ẹyin sísán jẹ́ 350, èyí tó sàn díẹ̀ jẹ́ 600, ti ọba jẹ́ 1,450. Ẹran tó ṣọ̀wọ́n jù, tí wọ́n ń pè ní Legendary, inú bíi mẹ́jọ péré ló ti máa ń jáde nínú ọgọ́rùn-ún ẹyin ọba. Màmá ní, "Ṣé wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mi ẹyin náà kẹ́ ẹ tó sanwó ni?"

Ọ̀rọ̀ Neon ló wá fẹ́ dájà sílẹ̀. Bó o bá tọ́ ẹran láti ọmọ tuntun títí tó fi dàgbà, tó o sì ní irú kan náà mẹ́rin tó ti dàgbà, wàá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tí ara ẹ̀ ń tàn. Bó o bá tún ní atànmọ́lẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á di ẹyọ kan tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí padà, Mega Neon. Màmá ka ìka. "Mẹ́rìndínlógún? Ẹran mẹ́rìndínlógún, kó wá di ẹyọ kan? Súbúhánálláhì! Bí bàbá yín bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbò, kí la ò bá jẹ?"

Kí n tó tẹ̀ síwájú, irú ẹran inú ẹ̀rọ báyìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o: ṣé ẹ rántí Alájì kan tó re Mẹ́kà lẹ́yìn ọdún 1996, tí wọ́n ra ẹyin aláwọ̀ pupa kékeré kan bọ̀ fún ọmọ wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí. Ẹ̀rọ ni, ó ní bọ́tìnì mẹ́ta, ó ń ké pí-pí-pí bí ebi bá pa á. Tíṣà ní Tamagotchi lorúkọ ẹ̀, iléeṣẹ́ Bandai ló gbé e jáde ní Japan ní 1996. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ń kírun, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn. Ìrun àṣáàmù ló ti ké nínú àpò ọmọ náà, gbogbo sàfù ń fẹjú mọ́ra wọn. Ìyá ọmọ bá gbà á, ó fi pamọ́ sábẹ́ àpótí. Ó di ọjọ́ kejì, nǹkan ọ̀hún ti kú. Hẹ̀n-ẹ́n, ó ń kú o! Ti Japan, sàréè ni wọ́n ń fi hàn yín, ti Amẹ́ríkà, máléékà. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ń ké pé, "Ó ti kú! Ó ti kú!" Àáfà tó ń kọjá lọ gbọ́, ó yà wọlé, ó ti ń fa tẹ̀sùbáà, ó ní ta ló ṣaláìsí. Wọ́n gbé ẹyin lé e lọ́wọ́. Àáfà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ yọ bátìrì ẹ̀." Bó ṣe jáde nìyẹn.

Tíṣà ní àwọn méjì tó ṣe é, Akihiro Yokoi àti Aki Maita, gba ẹ̀bùn Ig Nobel ti ọ̀rọ̀ ajé ní 1997. Ẹ̀bùn àpárá ni, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti gba àìmọye wákàtí iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé, wọ́n fi sin ẹran tí kò sí. Ọlọ́hun ò jẹ́ kí wọ́n béèrè ti Pàkátà.

Ó dáa, níbo ni mo dé? Àgùnfọn. Inú ẹyin kan tí wọ́n ń pè ní Safari Egg ló ti ń jáde ní 2019, pẹ̀lú erin, kìnnìún àti ìkookò. Wọ́n ò ta ẹyin yẹn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ àgùnfọn lónìí, àfi kó bá ẹni tó ní in pààrọ̀, ọwọ́ ò sì lè tètè tẹ̀ ẹ́. Báwo wá ni ti Ọkọ Màmá ṣe jẹ́? Ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní in. Onítọ̀hún wọ girama, ó ní òun ti dàgbà kọjá eré, ó gbé ẹran ẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà la ò ti gbádùn. Ilé aránṣọ tó ní jẹnẹrétọ̀ lọmọ ń sùn sí tán, nítorí iná.

Tíṣà gbọ́ àgùnfọn, ojú wọn là. Wọ́n ní ṣé a mọ̀ pé àgùnfọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń dá gbé nínú ìgbẹ́, orílẹ̀-èdè Niger nìkan ló kù sí? Agbègbè Kouré, nítòsí Niamey, ni wọ́n pọ̀ sí jù. Wọ́n ní ní 1996, 49 péré ló ṣẹ́kù. Ìjọba fòfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé fara mọ́ wọn, lónìí wọ́n ti lé ní 600. Màmá ní ta wá ló ń bọ́ wọn? Tíṣà ní kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn, igi ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rìn kiri nínú oko ọlọ́ko. "Oko ọlọ́ko?" Ojú Alájì oníkẹ̀kẹ́ ti lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, igbe ta. A sá jáde. Màmá ló ń ké, gèlè ti tú: "Wọ́n ti gbé àgùnfọn ọkọ mi lọ!" Ìyá tó ń kiri wàrà, tí kò mọ̀dí, sọ igbá kalẹ̀, ó ní kí wọ́n ti géètì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ kan bá a nínú géèmù, ó ní òun ní àgùnfọn mẹ́ta, tìẹ ló máa ṣìkẹrin, gbé e wá ká fi ṣe Neon, màá dá a padà fún ẹ kó o fi ọ̀sẹ̀ kan gbádùn ẹ̀. Ọkọ Màmá gbé e fún un. Ọmọ ọ̀hún gbà á tán, ó pòórá.

Màmá gbé àga síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. "Níbo lonítọ̀hún ń gbé?" Kò mọ̀. "Ta ni bàbá ẹ̀?" Kò mọ̀. "Kí lorúkọ ẹ̀?" Ọmọ ka lẹ́tà bíi mélòó kan, ó fi nọ́ńbà tì í. Màmá ní, "Orúkọ tó ní nọ́ńbà nínú? Àáfà wo ló sọ ọ́ lórúkọ? Ta ló jẹ nínú ràgó ẹ̀?" Ọmọ fi ẹkún sọ pé òun ní láìsẹ́ńsì ọjà pípààrọ̀, òótọ́ sì ni, géèmù yẹn ń dán ọmọ wò bóyá ó mọ ẹ̀tàn yàtọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó pààrọ̀ ẹran olówó ńlá. Alájì oníkẹ̀kẹ́ dá sí i, ó ní, "Èmi náà ní láìsẹ́ńsì, mo ṣì gbá ògiri mọ́ṣáláṣí." Ohun tó pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá gba ọjà náà sọ́wọ́. Wọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á wọ ìgò ojú, wọ́n á jókòó ti ọmọ. Bí wọ́n bá gbé ẹran wá, Màmá á ní kí ẹlẹ́ran kọ́kọ́ mú un rìn, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń tiro. Nínú géèmù o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni tọ̀tún tòsì gbọ́dọ̀ tẹ "mo gbà" kí ọjà tó fìdí múlẹ̀, kí wọ́n tó tẹ èkíní gan-an ni Màmá ti ń ṣe tiwọn. Wọ́n á ní, "Dúró. Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ n lọ mu omi." Wọ́n á wọlé lóòótọ́, wọ́n á pẹ́, ọkàn ẹni tó wà lódì kejì, bóyá Brazil ni o, bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni o, kò ní balẹ̀ mọ́, á fi ẹran kan kún un. Láti ààwẹ̀ títí di Iléyá, wọ́n ti fi ẹran wẹ́wẹ́ pààrọ̀ dé orí ayékòótọ́, Legendary ni.

Òfin kan ni Màmá fi lélẹ̀: ewúrẹ́ ló ń kọ́kọ́ jẹun kí wọ́n tó tan fóònù. Ọmọ wá ń ṣaájò ewúrẹ́ báyìí, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ mú un dé ẹnu ọ̀nà iléèwé lọ́jọ́ kan, ọ̀gá iléèwé ló lé e padà. Nígbà tí ewúrẹ́ bímọ méjì, ọmọ béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá wọ́n ṣọ̀wọ́n. Màmá ní, ewúrẹ́ tó jẹ ṣòkòtò Alájì tí wọn ò sì pa, mélòó ló wà ní Ìlọrin?

Ní ti àgùnfọn, a ò tíì rí i. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀kan, Màmá wà nílé lẹ́yìn Alásárì. Ayékòótọ́ wà ńlẹ̀, erin méjì wà ńlẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ tẹ̀ lé e wá o, Màmá ò bá ẹni tó ní nọ́ńbà nínú orúkọ nájà mọ́.