Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ta Ni Yóò Sanwó?

"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra," ni àwọn àgbà máa ń wí bí ìlara bá fẹ́ da ọjà rú. Àgbà kò purọ́. Wọn kò kàn sọ pé òkè lọ́hùn-ún ni ẹyẹ ti ń jẹun ni. Bó ti wù kó fò tó, ilẹ̀ ni yóò bà sí kó tó rí ọkà ṣà jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé Motorola, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, nìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó Bary Bertiger, ẹnjiníà wọn kan, lọ ṣe fàájì ní Bahamas, kò rí fóònù pe àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkọ mìíràn ì bá ní kó ṣe sùúrù títí yóò fi délé. Bertiger àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbèrò ní 1987 pé sátẹ́láìtì 77 ni àwọn yóò fi yí ayé ká. Torí pé 77 ni nọ́ńbà èròjà tí ń jẹ́ iridium, wọ́n sọ ọmọ ní Iridium. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìṣirò ṣe, ó di 66. Orúkọ sì ti mọ́ ọmọ lára.

Ẹ jẹ́ ká ro ti owó wò. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ìlú ńlá díẹ̀ bí Èkó àti Abuja ni wọ́n kọ́kọ́ nàró òpó sí; owó tí ará Èkó san wà lára ohun tó gbé òpó dé Ṣakí. Ti Iridium kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ní nǹkan bí 780 kìlómítà sókè, ó ń sáré yí ayé po ní bíi 100 ìṣẹ́jú. Kí ẹnì kan ṣoṣo ní Chicago tó lè sọ̀rọ̀ láìjákulẹ̀, gbogbo agbo gbọ́dọ̀ ti pé lókè. Orí òkun ni wọ́n sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ wọn. Ẹja kì í ra káàdì. Bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ti wọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ "Hẹ́lò."

Al Gore, igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló ṣí i ní November 1, 1998. Àtẹ́wọ́ dún. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ni iye owó jáde: fóònù, bíi 3,000 dọ́là, ìṣẹ́jú kan, dọ́là mẹ́ta sókè. Kò sì ṣiṣẹ́ nínú ilé, torí ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Ọ̀gá tó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ yóò dìde ní ọ́fíìsì, yóò bọ́ sí títì lábẹ́ òjò, yóò na eriali. Níbẹ̀ ni yóò ti bá akọ̀wé rẹ̀ tó ń fi fóònù kékeré rẹ́rìn-ín. Ibi tí olówó wà, òpó ti débẹ̀ ní gbogbo ọdún mọ́kànlá tí wọ́n fi ń to sátẹ́láìtì. Ibi tí òpó kò sì dé, ta ló ní 3,000 dọ́là níbẹ̀?

Ní ìparí March 1999, oníbàárà wọn jẹ́ bíi 10,000. Ní August, Iridium sá lọ sí kóòtù, ó ní gbèsè ti borí òun. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ICO, iléeṣẹ́ fóònù sátẹ́láìtì mìíràn, tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù; Globalstar, ẹlẹgbẹ́ wọn, sì dé ibẹ̀ ní 2002. Ojú ọ̀run gba gbogbo wọn o. Oníbàárà ni kò kárí.

Motorola ti múra láti já gbogbo sátẹ́láìtì Iridium bọ̀ kí wọ́n jóná, kí oníṣòwò kan, Dan Colussy, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi mílíọ̀nù 25 dọ́là péré rà á, tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì di oníbàárà àgbà. Láti ìgbà náà ló ti ń rí oníbàárà: atukọ̀, awakọ̀ òfuurufú, sójà, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò kọ́ ilé ló gbádùn rẹ̀.

Òwe pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní February 10, 2009, lókè Siberia, ọ̀kan nínú sátẹ́láìtì Iridium forí gbá òkú sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà kan, àwọn méjèèjì fọ́ yángá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú: ẹyẹ ti fara kanra.

Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fò. Ní 2022, Apple so iPhone 14 mọ́ sátẹ́láìtì Globalstar kí ẹni tó há sínú igbó lè ké gbàjarè, ọdún méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún méjì náà tó pé, wọ́n tún fi ọdún kan kún un, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Iléeṣẹ́ tó yọ ṣájà kúrò nínú páálí, tó ní kí oníbàárà lọ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ló ń ṣojú àánú báyìí o.