Ẹrẹ̀ Odìgbó

Ẹni tó bá mọ Orè mọ̀ pé ìlú ọkọ̀ ni. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Bìní, ẹni tó ń yà sí Oǹdó tàbí Òkìtìpupa, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé. N kò rí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fàájì níbẹ̀, àfi èmi. Fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí yìnyín ní Alaska ló kó bá mi. Láti 1987 ni wọ́n ti ń du ìdíje bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Iditabike ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́. Mo ní a ò ní yìnyín, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún wa ní ẹrẹ̀.

Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ní jíà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n ṣe é níwọ̀n?" Mo ní kó máa fún un lọ títí táyà yóò fi dún bí mo bá ta á níka. Lójú tèmi, táyà tó le ló ń sáré. N kò mọ̀ pé ńṣe ni àwọn ará Alaska ń dín afẹ́fẹ́ kù gan-an, kí táyà wọn tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kó di ilẹ̀ mú. Tèmi kò di nǹkan kan mú.

Òjò oṣù kẹfà rọ̀ mọ́jú. Mo wọ ẹ̀wù funfun (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí), mo yà sí ọ̀nà oko kan lápá Odìgbó, láàárín kòkó àti ọ̀pẹ. Mo bá bàbá kan lórí Raleigh àtijọ́, ìdì ẹyìn lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló ń lé ọ?"

Mo ní ká jọ sáré dé orí afárá iwájú, kí ẹni tó bá kẹ́yìn ra ẹmu. Wọ́n ní ó dáa.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ fíìrì. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ bíréèkì iwájú. Táyà dúró, èmi kò dúró. Nígbà tí mo dìde, amọ̀ pupa ti há sáàárín táyà àti irin, ṣéènì ti bọ́. Igi ni mo fi ń ha á nígbà tí bàbá dé. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ látòkè, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn gba orí koríko etí ọ̀nà, sálúbàtà wọn ń mì lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀! Eré kẹ̀kẹ́ ni!"

"Ṣé orí tìrẹ lo wà?"

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kà á pé ní Alaska pàápàá, bí yìnyín bá ti rọ̀ jù, títì ni wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀.

Mo tún lé wọn bá. Omi kan dá sójú ọ̀nà, bàbá yà fún un. Èmi ò yà. Kòtò tí ọkọ̀ agbégẹdú gbẹ́ ni. Ó mù mí dé itan.

Mo ra ẹmu. Nígbà tí ọlọ́kadà gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ wọ Orè, ẹnì kan pariwo pé, "Ó le kú, ìjà Orè!" Ogun 1967 ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dá àwọn Biafra dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn rí ẹni bá jà. Owó èèyàn méjì ni ọlọ́kadà gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà jókòó.